BP, ọpọlọ, àti oògùn tẹ́ ẹ dá dúró yẹn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ BP ni, àmọ́ mi ò ní sọ ti ọkàn, gbogbo yín ti gbọ́ ìyẹn sú. Ti ọpọlọ ni.

Bàbá tó máa ń ṣírò owó ọjà lórí tẹ́lẹ̀, ní báyìí ẹ máa bi í lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, inú ń tètè bí i, kò lè ṣe nǹkan méjì pọ̀ mọ́. Ará ilé á ní ogbó ni, ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ ti wọn BP ẹ̀ wò ṣá?

Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín inú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bà jẹ́. Ó dà bíi kí NEPA gbé high current wá: gílóòbù kọ́ríidọ̀ á kọ́kọ́ jó, ti bálùwẹ̀ á tẹ̀ lé e, ẹ ò ní fura torí pálọ̀ ṣì mọ́lẹ̀ rekete.

Ìwádìí SPRINT MIND ní Amẹ́ríkà, 2019, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 9,000, ẹni 50 ọdún sókè. Àwọn tí wọ́n fa BP wọn wálẹ̀ sábẹ́ 120 (nọ́ńbà òkè nìyẹn o), ìrònú tó ń jó rẹ̀yìn fi bí 19% dínkù lára wọn ju àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ 140 lọ. Ti dementia gan-an, ìyẹn àrùn tó ń gba iyè àti ìrònú lọ́wọ́ èèyàn, wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ má sì dá sáré lé 120 o, dókítà ló máa sọ tiyín.

Ó yá, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í rèé! Nínú àwọn oògùn BP, methyldopa àti clonidine máa ń jẹ́ kí oorun kunni, propranolol lè mú kó rẹ èèyàn, kó sì máa lá àlákálàá, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ lè fa iyọ̀ ara àgbàlagbà wálẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan. Lẹ bá gbé oògùn jù sí dúrọ́ọ̀. Háà! Ẹ MÁ DÁ A DÚRÓ FÚNRA YÍN! Clonidine tẹ́ ẹ bá já lójijì, BP lè fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ MÁ DÁ A DÚRÓ! Ẹ padà lọ sọ fún dókítà pé "oorun ń kùn mí, orí mi ò já gaara", á dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, oríṣiríṣi ló wà jàre.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti igi aṣofẹ́yẹjẹ. Egbò ẹ̀ làwọn oníṣègùn wa fi ń wo wèrè látijọ́, èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú ẹ̀, ó máa ń fa BP wálẹ̀, òun náà làwọn dókítà òyìnbó fún oníBP àti alárùn ọpọlọ láwọn ọdún 1950, ìbànújẹ́ sì dé bá àwọn kan tó ń lò ó. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu àgbo ẹ̀ mọ́ oògùn ọsibítù, ẹ gbé ìgò àgbo yẹn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà.