Títa Ògbóǹtarìgì Agbábọ́ọ̀lù Láti Gba Ipò Iwájú Nínú Draft NFL

Nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ẹgbẹ́ 32 ni, ìpele méje ni. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ipò, ìyẹn àǹfààní láti mú ẹnì kan, wọ́n sì lè fi ipò náà ra agbábọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ta ògbóǹtarìgì òun, òun sì gba ipò ìpele kìíní, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ipò kẹta ni àbí ipò 31?

Ẹ wo àtẹ máàkì tí wọ́n ṣe ní Dallas Cowboys láti fi díye lé ipò kọ̀ọ̀kan, láyé Jimmy Johnson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ipò kìíní gba máàkì 3,000, ipò karùn-ún 1,700, ipò 16 gba 1,000, ipò 32 gba 590. Ìpele kan ṣoṣo la ṣì wà yẹn o.

Ipò ọdún tó ń bọ̀ kò tíì ní nọ́ńbà. Bí ẹgbẹ́ tó ra agbábọ́ọ̀lù yín bá ṣe gbá bọ́ọ̀lù sí ni nọ́ńbà náà máa jẹ́. Ní 2018, Oakland Raiders ta Khalil Mack fún Chicago Bears, ipò ìpele kìíní ti 2019 àti ti 2020 sì wà nínú ohun tí wọ́n gbà. Mack dé, Bears borí nígbà 12, wọ́n pàdánù mẹ́rin péré, ipò 2019 bá já wálẹ̀ sí 24. Raiders tún fi ipò ìpele kejì ti 2020 ṣe èènì! Lójú tèmi, èènì yẹn ti pọ̀ jù.

Seattle Seahawks rí i ṣe jù wọ́n lọ. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n ta Russell Wilson, ẹni ọdún 33, fún Denver Broncos. Wọ́n gba ipò ìpele kìíní méjì, ti ìpele kejì méjì, ti ìpele karùn-ún kan, pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta. Ipò ìpele kẹrin kan ni wọ́n fi kún Wilson fún Denver. Denver rò pé òun nìkan ló kù fún àwọn. Ìdíje 12 nínú 17 ni wọ́n pàdánù, ipò wọn ti 2023 di ìkarùn-ún, Seattle sì fi mú Devon Witherspoon.

Owó ìtọwọ́bọ̀wé ló máa ń já lu ẹni tó ń tà. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹgbẹ́ ń san án, àmọ́ nínú ìṣirò gbèdéke owó, ìyẹn iye tí líìgì gbà kí ẹgbẹ́ ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún, wọ́n máa ń pín in sí ọdún àdéhùn, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Ká ní mílíọ̀nù 20 dọ́là ni, mílíọ̀nù 4 lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá tà á lẹ́yìn ọdún méjì, mílíọ̀nù 12 tó kù á já lé yín lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà bá kọjá, mílíọ̀nù 4 ni ọdún yẹn máa gbé, 8 á sún sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ oṣù kẹrin ni draft, ipò ọdún yẹn ti tán nílẹ̀. Seattle ò dúró: wọ́n gba mílíọ̀nù 26 mọ́ra lórí Wilson lọ́dún yẹn.

Ẹ ka gbólóhùn tó ní "bí" nínú àdéhùn dáadáa. Nígbà tí Minnesota Vikings ra Herschel Walker lọ́wọ́ Dallas ní 1989, wọ́n so ipò draft mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fún Dallas: bí Dallas bá dá ọ̀kan sílẹ̀, ipò tí wọ́n so mọ́ ọn di ti Dallas. Minnesota rò pé agbábọ́ọ̀lù ni Dallas ń wá. Ipò náà gan-an ni Johnson ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn ipò tó ti ọ̀dọ̀ Minnesota wá, ipò 21 ti 1990, ni wọ́n fi kún ọjà tó gbé wọn dé ipò 17, níbi tí wọ́n ti mú Emmitt Smith.

Dókítà ẹgbẹ́ tuntun ṣì máa yẹ agbábọ́ọ̀lù wò. Bí kò bá yege, ọjà dà rú, torí náà, ẹ má tíì ṣèlérí ipò náà fún ẹgbẹ́ mìíràn.