Ọdún tí àjò dùn ju ilé lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, ní Maryland níbí. Òtútù oṣù kẹwàá ti dé, bó bá sì ti dé báyìí, World Series ọdún 2019 ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn ìdíje àṣekágbá baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ló gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, Houston ni wọ́n ń gbé. Èmi, mo lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ mi dé pápá Nationals, ẹgbẹ́ Washington. Bí Astros, ẹgbẹ́ Houston, àti Nationals ṣe máa pàdé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù: "Ìwọ ọmọ yìí, wá áńkáṣíìfù sílẹ̀ o, o máa nílò ó." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

Àmọ́ àyà mi ń já. Ìgbà 107 ni Astros borí lọ́dún náà, tiwa jẹ́ 93. Bryce Harper, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ wa tẹ́lẹ̀, ti kó lọ sí Philadelphia. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, nínú eré 50 tí a ti ṣe, 19 péré la borí, àwọn èèyàn sì ti ń pariwo pé kí wọ́n lé Davey Martinez tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà náà.

A lọ sí Houston, a borí, 5 sí 4. Lọ́jọ́ kejì, 12 sí 3! Mo rò pé ó ti parí. World Series kò dé Washington láti ọdún 1933, ó wá dé wàyí, gbogbo ìlú wọ aṣọ pupa. Ni wọ́n bá nà wá nínú ilé wa, 4 sí 1, 8 sí 1, 7 sí 1. Ayò mẹ́ta péré la rí jẹ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta yẹn ló dùn mí jù, torí Max Scherzer, ajùbọ́ọ̀lù wa, ló yẹ kó ju bọ́ọ̀lù, ọrùn rẹ̀ sì ti gan. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a wọṣọ láàárọ̀.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ronú lé e títí. Juan Soto, agbábọ́ọ̀lù wa, ọmọ Santo Domingo, pé ọdún 21 lọ́jọ́ tí ìdíje náà dé Washington. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Washington àjò, Houston àjò. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà ńkọ́? Ìlú ta ni à ń jà fún gan-an? Síbẹ̀ mo ń jà, tọkàntọkàn ni.

A padà sí Houston, Stephen Strasburg, ajùbọ́ọ̀lù wa míì, ju bọ́ọ̀lù bí ẹni pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀, a borí, 7 sí 2. Ó wá ku ẹyọ kan. Scherzer tí kò lè dá wọṣọ lọ́jọ́ Sunday ló jáde lọ́jọ́ Wednesday. Inning (ìpín eré, mẹ́sàn-án ló wà nínú eré kan) márùn-ún ló jù. Léraléra làwọn Astros ń dúró lórí béèsì, ibi tí wọ́n ti lè sáré wálé láti jẹ ayò, síbẹ̀ ayò méjì péré ló gbà wọ́n láyè. Mi ò tíì rí ìgboyà tó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní inning keje, Anthony Rendon tiwa gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá, tó sì di ayò. Soto rìn lọ sí béèsì. Àwọn Astros yọ Zack Greinke tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, wọ́n mú Will Harris wọlé. Howie Kendrick tiwa, ẹni ọdún 36, gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí apá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù náà ń fò, ó ń fò, ó lọ kan òpó ààlà pápá gbàgà, home run nìyẹn! Mo lọgun, ọmọ mi jí. 6 sí 2 ló parí sí. Eré méje, kò sí ẹni tó borí nílé ara rẹ̀. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú World Series.

Fóònù mi dún. Ìyá Ìbejì ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń gbọ́ tí ọkọ wọn ń kédàárò lẹ́yìn. Wọ́n wá ní, "Àbúrò mi, ẹ kú oríire o. Ṣé wàá wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa?"

Mo ní mò ń bọ̀.