Kí ló wà nínú 2,147,483,647?

KÚNLÉ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa lẹ́yìn odi. Kúnlé rèé ní Manchester, Àǹtí Ṣadé wà ní Houston. Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

ṢADÉ: O ṣeun, àbúrò mi. Nọ́ńbà wo lo gbé wá?

KÚNLÉ: 2,147,483,647. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè ka ìṣẹ́jú àáyá dé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú 14 níbí, òǹkà ọ̀hún á kún.

ṢADÉ: Alẹ́ ọjọ́ 18 la ṣì máa wà lọ́dọ̀ wa. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an?

KÚNLÉ: Ààyè 31 ni òǹkà náà ní, 0 tàbí 1 nìkan ló sì ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà 31, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀, ẹ yọ 1 kúrò: òun náà nìyẹn. Àmọ́ ohun tó wù mí jù ni pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. Kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀.

ṢADÉ: Ṣé torí pé 31 náà jẹ́ àkọ́kọ́ ni?

KÚNLÉ: Rárá o. 11 jẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, 2,047 lẹ máa rí, 23 lọ́nà 89 sì ni. Mersenne, àlùfáà ará Faransé, to irú wọn sílẹ̀ lọ́dún 1644. Ó gba 31, ó sì ṣi 67 kà mọ́ ọn.

ṢADÉ: Ta ló wá fìdí ti 31 múlẹ̀?

KÚNLÉ: Euler, onímọ̀ ìṣirò, lọ́dún 1772, ní St. Petersburg, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán! Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é. Bí nǹkan kan bá máa pín in, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ju 46,340 lọ, torí pé 46,341 lọ́nà ara rẹ̀ ti ju nọ́ńbà náà lọ.

ṢADÉ: Ìyẹn ṣì pọ̀ jù.

KÚNLÉ: Ó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Euler mọ̀ pé ohunkóhun tó bá máa pín in, tí ẹ bá fi 62 pín òun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ìlọ́po méjì 31 ni 62. Ẹ padà sí 11: ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 22. 23 jẹ́ 22 àti 1. 89 jẹ́ 22 mẹ́rin àti 1.

ṢADÉ: Há! Ó bá a mu rẹ́gí!

KÚNLÉ: Ó tún kù. Tí ẹ bá fi 8 pín ohun tó bá máa pín nọ́ńbà ńlá náà, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Àwọn tó yege méjèèjì ò tó irinwó mọ́. Nínú wọn, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó kéré jù ni 311.

ṢADÉ: Dúró, jẹ́ kí n ṣe é... 6,905,092, ó ṣẹ́ku 35. Kò pín in.

KÚNLÉ: 1,303 ló kàn, Àǹtí.