VAXstation tó kọ̀ tí kò jí: ibi tó yẹ ká ti wò ó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́. VAXstation 3100 lẹ̀ ń wò yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Digital ti Amẹ́ríkà. Kò ní díìsìkì tirẹ̀. Inú agbo VAXcluster ló wà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà VAX tí wọ́n so pọ̀ láti jọ ṣiṣẹ́. Sáfà agbo náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn yòókù, ló sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò fi jí (boot) ránṣẹ́ sí i lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ethernet. A tẹ B ESA0, àṣẹ pé kó jí láti orí Ethernet, síwájú àmì >>>. A dúró títí, kò sí èsì.

Ẹ má ṣe ping, ìdánwò tí a fi ń wò ó bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn lórí IP. MOP, èdè Digital fún fífi ẹrù jíjí ránṣẹ́, lẹ̀rọ yìí ń sọ nígbà tó bá ń jí, kì í ṣe IP, MOP kì í sì í kọjá ráútà.

Ọ̀dọ̀ sáfà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ REPLY/ENABLE=NETWORK níbẹ̀, kí ìròyìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa jáde sí yín, kẹ́ ẹ wá tún tẹ B ESA0 lọ́hùn-ún. Bí ìbéèrè bá dé, ẹ ó rí “automatic line service” lójú sìkírínì. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ wo wáyà: 10BASE2, wáyà Ethernet tẹ́ẹ́rẹ́, gbọ́dọ̀ ní terminator (ìdérí ìparí wáyà) 50 ohm ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ NCP, ètò tí a fi ń ṣàkóso DECnet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì Digital), kẹ́ ẹ wò ó bóyá SERVICE, ìyẹn àyè láti dáhùn ìbéèrè jíjí, wà ní ENABLED lórí circuit (ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) yín. Ẹ ní láti pa circuit náà kẹ́ ẹ tó yí i padà, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bá DECnet ṣiṣẹ́, torí wọn á já.

Ìbéèrè dé, síbẹ̀ sáfà ò dáhùn ńkọ́? Àdírẹ́sì Ethernet ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ tẹ SHOW ETHER síwájú >>>: àdírẹ́sì tí wọ́n fi ṣe é láti ilé-iṣẹ́ ló máa jáde, 08-00-2B ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Òun gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nínú NCP lórí sáfà. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ̀rọ náà, ti àtijọ́ ló ṣì máa wà níbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ló máa ń tan èèyàn jẹ. Bí DECnet Phase IV bá ti gbéra, ó máa ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì mìíràn. Ẹ mú node 1.5, ìyẹn ẹ̀rọ 5 ní agbègbè 1: 1 lọ́nà 1024, ká fi 5 kún un, ó di 1029. Ní hex (òǹkà onímẹ́rìndínlógún), 0405 nìyẹn. Ẹ yí 04 àti 05 sẹ́yìn síwájú, kẹ́ ẹ fi AA-00-04-00 ṣáájú, ó di AA-00-04-00-05-04. Ẹni tó bá da èyí kọ sórí sáfà ti sọnù, torí pé ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí kò tíì ní in.

Tó bá wá jẹ́ pé ó gba ẹrù, àmọ́ tí kò ráyè wọ agbo, iṣẹ́ MOP ti parí. Ẹ lọ wo CLUSTER_AUTHORIZE.DAT. Bí díìsìkì tí VMS, ètò tó ń darí àwọn ẹ̀rọ yìí, wà lórí rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì yìí tirẹ̀, nọ́ńbà agbo àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu.

Bẹ́ ẹ bá ń tún àdírẹ́sì kọ nínú NCP, ẹ lo SET àti DEFINE pa pọ̀. SET nìkan kì í pẹ́: bí sáfà bá ti kú tó tún jí, ó ti lọ nìyẹn.