Ẹsẹ 5 àti Ẹsẹ 19: Bí Àwọn Júù àti Àwọn Kristẹni Ṣe Ń Ka Ìtàn Ábúráhámù àti Ísáákì

Ìtàn inú Jẹ́nẹ́sísì orí 22 kò gùn. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti pe Ábúráhámù títí tó fi darí sí Beerṣeba, ẹsẹ 19 péré ni. Ẹsẹ kan ṣoṣo, ẹsẹ 7, ni Ísáákì ti lanu sọ̀rọ̀. Ohun tí ìtàn náà fi pamọ́ pọ̀ ju èyí tó sọ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ àwọn olùtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ fi ìka kan sí ẹsẹ 5, kí ẹ fi òmíràn sí ẹsẹ 19. Ní ẹsẹ 5, Ábúráhámù sọ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ méjèèjì pé òun àti ọmọ òun ń lọ jọ́sìn, àwọn yóò sì padà wá bá wọn. Èèyàn méjì ló ní yóò padà. Ní ẹsẹ 19, Ábúráhámù padà dé, ṣùgbọ́n a kò gbúròó Ísáákì. Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀sìn méjèèjì fi ẹsẹ méjì yìí ṣe ti di ọ̀rọ̀ náà mú níbi tó ti nípọn.

Ẹsẹ 5 ni àwọn Kristẹni dì mú. Ìwé Hébérù 11:17–19 sọ pé Ábúráhámù gbà pé Ọlọ́run lè jí òkú dìde. Origen, olùkọ́ nínú Ìjọ Kristẹni àtijọ́ tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 185 sí 253, wàásù lórí orí yìí, ó sì kọjú sí Ábúráhámù fúnra rẹ̀, ó ń bi í léèrè: ṣé òótọ́ lo sọ fáwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yìí, àbí ńṣe lo tàn wọ́n? Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé o kò ní fi ọmọ náà rúbọ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀tàn, irọ́ kò yẹ baba ńlá bíi tìrẹ. Èsì tó fi sí Ábúráhámù lẹ́nu ni pé òun yóò fi ọmọ rúbọ, òun yóò sì tún mú un padà, nítorí òun gba àjíǹde gbọ́. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti yọ: igi ẹbọ tí Ísáákì rù ní ẹsẹ 6 di àgbélébùú, àgbò tí ìwo rẹ̀ há sínú igbó di Jésù tí wọ́n dé ní adé ẹ̀gún, gẹ́gẹ́ bí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ àtijọ́, ṣe kọ ọ́.

Àwọn Júù náà kò fo ẹsẹ 5. Rashi (1040–1105), rábì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, tó kọ àlàyé sórí Bíbélì, ní àsọtẹ́lẹ̀ ló bọ́ sí Ábúráhámù lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 19 ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ibo ni Ísáákì wà? Genesis Rabbah, ìwé àlàyé Jẹ́nẹ́sísì látọwọ́ àwọn rábì àtijọ́, dáhùn pé baba rẹ̀ rán an lọ sọ́dọ̀ Ṣémù ọmọ Nóà láti kọ́ Òfin. Pirke de-Rabbi Eliezer, ìwé àwọn rábì mìíràn, lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: bí ọ̀bẹ ṣe kan ọrùn Ísáákì, ẹ̀mí rẹ̀ fò lọ, bí ohùn ọ̀run ṣe dún pé kí baba má ṣe fọwọ́ kan ọmọ, ẹ̀mí náà padà, Ísáákì dìde, ó sì fi ìbùkún fún Ọlọ́run tó ń sọ òkú di alààyè. Ìbùkún yẹn ṣì wà nínú àdúrà táwọn Júù ń gbà lójoojúmọ́. Nítorí náà, oníwàásù tó bá ní Kristẹni nìkan ló rí àjíǹde nínú ìtàn yìí ti ṣìnà.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn ìtumọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1096. Àwọn Kristẹni ọmọ ogun ìsìn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù ya bo àwọn Júù ìlú Mainz ní Jámánì. Àwọn òbí kan fọwọ́ ara wọn pa ọmọ wọn kí wọ́n má bàa fi tipátipá ṣèrìbọmi fún un. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ lédè Hébérù fi wọ́n wé Ábúráhámù lórí òkè Móríà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohùn kankan kò dún láti ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí Ísáákì náà gba sùúrù. Sárà jẹ́ ẹni 90 ọdún nígbà tó bí i (17:17), ó kú ní 127 (23:1). Àwọn rábì kan gbà pé ìròyìn ẹbọ náà ló pa á, wọ́n yọ 90 kúrò nínú 127, Ísáákì di ẹni ọdún 37 tó fínnúfíndọ̀ jẹ́ kí wọ́n di òun. Ìṣirò náà yóò já bí ikú Sárà kò bá tẹ̀ lé ẹbọ náà lójú ẹsẹ̀, Bíbélì kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibn Ezra, Júù kan tóun náà kọ àlàyé sórí Bíbélì, kọ̀ ọ́: ó ní bó bá jẹ́ àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, Ísáákì ni ìyìn ìbá tọ́ sí, nígbà tó jẹ́ Ábúráhámù ni ìtàn náà ń yìn. Ó fi ọjọ́ orí ọmọ náà sí nǹkan bí 13.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ń ka ìtàn náà dé báyìí. Ní ọjọ́ kejì Rosh Hashanah, ọdún tuntun àwọn Júù, sínágọ́gù ń kà á láti ẹsẹ 1 dé 24, fèrè ìwo àgbò sì ń dún lọ́jọ́ náà. Ní àìsùn Ọdún Àjíǹde, Ìjọ Kátólíìkì ń kà á láti ẹsẹ 1 dé 18, wọn kì í dé 19 rárá. Bí wọ́n bá sì lo kíkà kúkúrú, ẹsẹ 5 náà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ kà á tán kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀.