Máàkì Nìkan Ò Lè Kọ́ Ọmọ Níṣẹ́

Alága, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀bù wá, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀, lórí fídíbáàkì ni, ìyẹn àlàyé tó ń jẹ́ kọ́mọ mọ bó ṣe máa tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe: tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní 12 nínú 20, tẹ́ ò sì sọ ibi tí 8 tó kù gbà lọ fún un, ẹ ò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rán kọ́là tán, ọ̀gá ká a sí méjì, etí kan gùn ju ìkejì lọ. Ọ̀gá ní "tú u". Ọmọ á mú bíléèdì, á rọra máa tú òwú yẹn, ọ̀gá á fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti yà, ọmọ á tún un rán, ọ̀gá á tún un wò. Àtúnṣe yẹn dé nígbà tíṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lò ó lójú ẹsẹ̀. Fídíbáàkì tí mò ń wí nìyẹn!

Ẹ wá wo SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fúngbà díẹ̀, tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, torí kọ́mọ lè lọ fojú ríṣẹ́ ni. Mo ti rí lógíbúùkù, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sí, tọ́mọ kọ "a sáfíìsì jẹnẹrétọ̀" sí lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, tí súpáfáísọ̀ sì buwọ́ lu gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, bírò kan náà, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó dùn mí gan-an.

Àwọn kan á ní láìsí máàkì ọmọ ò ní fọwọ́ gidi mú ìwé. Irọ́ ni o. Nínú ìwádìí tí Ruth Butler, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 1988, wọ́n fáwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Israel ní máàkì nìkan, wọ́n fáwọn kan ní àlàyé nìkan, àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan niṣẹ́ wọn dáa sí i. Lójú tèmi, tí máàkì bá ti wà níbẹ̀, ọmọ ò ní ka àlàyé mọ́.

Mo fẹ́ bọ́ sórí NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, nígbà tí màmá kan tó ń ṣerun nawọ́ sókè, wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, 'olódo' ló máa ń pè mí tí mo bá ṣe é tì, ṣé fídíbáàkì nìyẹn náà?"

Rárá, mà. Ìbéèrè yín ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí méjì, Kluger àti DeNisi, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1996, wọ́n rí i pé nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àbájáde wọn, ńṣe ni fídíbáàkì bá iṣẹ́ jẹ́, pàápàá tó bá gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ lọ sára ẹni tó ń ṣe é. "Ìlà orí yìí wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, fi ìlárun fà á tààrà", ọmọ mọ ohun tó máa ṣe nìyẹn. "Olódo" ńkọ́? Kí ló fẹ́ tú nínú ìyẹn?

Alága ti ń wo aago. Ti NABTEB, gbólóhùn kan: gírédì ìdánwò dé lẹ́yìn tọ́mọ ti kúrò nílé ìwé, torí náà ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni àtúnṣe wà. Lógíbúùkù ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ bá mi kọ ìlà kan péré sí i, ohun tọ́mọ yẹn máa tún ṣe lọ́la.