Àmì Kan Ṣoṣo Ti Tó: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ewu Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Sínú Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Láti Adó-Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, rí ẹ̀jẹ̀ tó dì, tó sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òṣùwọ̀n sPESI tí mo fẹ́ ṣàlàyé kì í wá àìsàn náà. Ẹni tí a ti rí i lára rẹ̀ ni a fi ń wọ̀n, kí a lè mọ bí ewu ikú rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ ṣe tó.

Ìbéèrè mẹ́fà ni. Ǹjẹ́ aláìsàn ti lé ní 80 ọdún? Ǹjẹ́ jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, tàbí ó ti ṣe é rí? Ǹjẹ́ ó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró tó ti pẹ́ lára rẹ̀? Ǹjẹ́ ọkàn rẹ̀ ń lù tó ìgbà 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan? Ǹjẹ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ti òkè ni mo ń wí o, kò tó 100? Ǹjẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá 90 nínú 100? “Bẹ́ẹ̀ ni” kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 1.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọn a rí àmì 1 nínú 6, wọn a ní, “Kékeré ni.” Rárá o! ÀMÌ KAN ṢOṢO TI TÓ láti yọ aláìsàn kúrò láàárín àwọn tí ewu wọn kéré. Nínú ìwádìí tó bí òṣùwọ̀n yìí ní 2010, nǹkan bí ẹni 1 nínú 100 ló kú láàárín 30 ọjọ́ lára àwọn tó gba òdo, ṣùgbọ́n lára àwọn tó gba àmì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 11 nínú 100 ni. Mo tún un sọ: àmì kan ṣoṣo!

Ìgbàkígbà tí mo bá rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rápálá gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, apá ọ̀tún ọkàn ni mo máa ń rántí, nítorí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn ló sì sọ ọ̀nà rẹ̀ di òkè. Ẹrù tí ọkọ̀ tuntun rù gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ lè dá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó dúró. Ìdí rèé tí ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò fi kan bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe tóbi tó; ara ẹni tó ń rù ú ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ẹni tó gba òdo ńkọ́? Ẹ má tíì kánjú dá a padà sílé. Bí àwòrán ọkàn bá fi hàn pé apá ọ̀tún ti ń rẹ̀ ẹ́, tàbí tí troponin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èròjà tó ń jáde nígbà tí iṣan ọkàn bá farapa, bá ti lọ sókè, ìlànà àwọn onímọ̀ ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ti 2019 kò kà á mọ́ àwọn tí ewu wọn kéré mọ́. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ sì ti já wálẹ̀, tó ń dákú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jókòó máa ka àmì fún un rárá. Ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀ ni.